Fèrèsé Bàbá Mi àti Lẹ́ǹsì Kan Ṣoṣo

Muscat, Oman
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ọmọ. Àlàáfíà ni mo wà. Mo gbàdúrà pé àlàáfíà ni ẹ̀yin àti Màámi náà wà ní Sefrou, àti pé orúnkún Màámi ti jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ẹ ti sọ pé ẹ kò ní wo fọ́tò inú fóònù láéláé, pé ohun tí ènìyàn kò lè fọwọ́ mú kì í ṣe fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tí mò ń kọ̀wé bíi ti ayé àtijọ́, tí mo sì fi fọ́tò kan sínú àpòòwé fún yín. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìyáàfin Zuwayna, ọ̀gá mi, ló ní ọkọ̀ tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò lọ sí aṣálẹ̀ àti orí òkè, èmi ni mo sì ń ya fọ́tò ìrìn àjò wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la wọ aṣálẹ̀ Sharqiyah. Mo gbé àpò yín kọ́ èjìká, lẹ́ǹsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nínú rẹ̀ bí ẹ ṣe kó wọn fún mi: èyí tó ń fa ọ̀nà jíjìn wá sí tòsí, èyí tó ń gba gbogbo ilẹ̀ wọlé, èyí tí ẹ fi ń ya ojú ìyàwó, àti ti pásípọ́ọ̀tù. Bí mo ṣe yọ ọ̀kan kí n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni atẹ́gùn dé. Iyanrìn wọ inú kámẹ́rà. Gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà ló ní tóótòòtó dúdú lójú ọ̀run. Ìyáàfin Zuwayna wò ó títí, ó ní, "Ghizlane, ṣé eéṣú ló ya wọ̀lú ni?"

Bàbá, mo ti ra lẹ́ǹsì kan tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí mo bá yí ọrùn rẹ̀ sápá kan, gbogbo àfonífojì á wọlé. Tí mo bá yí i sápá kejì, màá máa ka irùngbọ̀n ọkùnrin tó dúró ní òdìkejì àfonífojì náà. Kò sí pé mò ń ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún iyanrìn mọ́. Mo fi aṣọ di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiyín, mo tọ́jú wọn sínú àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mi ò gbàgbé àdéhùn wa. Bí ọdún èso ṣẹ́rì ìlú wa bá tún dé ní oṣù kẹfà, tí fọ́tò mi kan kò bá yẹ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yín, n óò padà wálé wá máa ya pásípọ́ọ̀tù. Ọjà ewúrẹ́ Nizwa ni mo ti ya bàbá tó wà nínú fọ́tò yìí, láti orí ògiri. Kò mọ̀ pé mo wà láyé rárá. Ṣé èyí kò tó fèrèsé?

Ọmọ yín,
Ghizlane


Sefrou, Morocco
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá

Ghizlane,

Mo gbọ́ kíkí rẹ, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá gágá. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, tàbí ìrẹsì nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́ǹsì tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé o rántí Si Larbi onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì wa? Ó ń gẹ irun, ó ń fa eyín, láyé ìgbà kan ó tún ń dá abẹ́ fún ọmọ. Ìgbà tí eyín ń dùn ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo lọ? Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ìwọ wá ń lé mẹ́rin.

Mo gbé fọ́tò rẹ sábẹ́ awò mi tó ń sọ nǹkan di ńlá. Àárín rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wo igun rẹ̀! Òkúta ògiri tó wà lápá ọ̀tún kò mọ́ kedere, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Mo ti fi pẹ́ńsù yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, mo sì ń dá a padà fún ọ kí o lè fojú ara rẹ rí i. Láti ayé bàbá mi, fọ́tò kan ṣoṣo là ń gbé sójú fèrèsé lọ́dún, gbogbo Sefrou ló sì ń dúró wò ó. Èyí tí igun rẹ̀ rọ̀ kò débẹ̀ rí.

Èyí tó tún dùn mí ju igun lọ ni pé bàbá yẹn kò mọ̀ pé o wà láyé. O gun orí ògiri, o ń fa ojú rẹ̀ wá bí ẹni tó ń fi ìwọ̀ fa ẹja. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ta ni mo yà rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí tí kò kọ́kọ́ mu tíì? Tó bá mu ife kìíní, ó ṣì ń ro bí irun òun ṣe rí. Tó bá mu ìkejì, ó ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Tó bá mu ìkẹta, ó ti gbàgbé kámẹ́rà. Ìgbà yẹn ni mo tó ń tẹ̀ ẹ́.

Jawad, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tún wá lánàá. Ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, kó máa ta bátìrì àti ìbòrí fóònù. Mo ní kó ní sùúrù, pé ọmọ mi ń bọ̀. Má ta àwọn lẹ́ǹsì yẹn o.

Bàbá rẹ,
Benaissa


Nizwa, Oman
Ọjọ́ Ogún, Oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù. Lẹ́tà yín dé. Mo kà á, inú bí mi, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo tún kà á, inú tún bí mi, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi pẹ́ kí n tó fèsì nìyẹn.

Èmi á ta lẹ́ǹsì yín? Ó dáa. Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹ̀yin jókòó, ayé ń wá bá yín. Wọ́n á ya irun, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n á dúró bí ẹ bá ṣe ní kí wọ́n dúró. Èmi ni mò ń lé ayé kiri. Kí n tó rí lẹ́ǹsì tó yẹ nínú àpò, ohun tí mo fẹ́ yà á ti délé, á ti jẹun, á ti sùn. Ti igun, mo rí i. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo san láti lè yára nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó rà á.

Àmọ́ ní ti bàbá ọjà ewúrẹ́ yẹn, ẹ borí mi. Ọ̀rọ̀ yín kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo tẹ ẹ̀dà mìíràn nínú fọ́tò rẹ̀, mo gbé e lọ sí ọjà ewúrẹ́. Mò ń bẹ̀rù bí n óò ṣe sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Bí mo ṣe yọjú ló pariwo:

"Ìwọ ọmọbìnrin orí ògiri!"

"Ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Ta ni kò rí ọ? Ewúrẹ́ pàápàá rí ọ. Jókòó jàre."

Musallam lorúkọ wọn. Kí wọ́n tó bi mí ohun tí mo wá ṣe, wọ́n bi mí ní ìròyìn, mo ní ire ni. Wọ́n bi mí ní ìròyìn ìlú wa, mo ní ire ni. Wọ́n gbé èso dàbínù wá, wọ́n rọ kọfí sínú ife kékeré. Mo mu ún, mo gbé ife fún wọn bí a ti ń ṣe nílé. Wọ́n rọ òmíràn. Mo mu ún, wọ́n tún rọ òmíràn. Bàbá, mo mu kọfí títí etí mi fi ń hó, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí n kọ̀. Ìyàwó wọn ló wá ṣàánú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, tó bá tó ọ, mi ife ọwọ́ rẹ! Àbí o fẹ́ mu ìkòkò tán ni?" Gbogbo wọn ṣubú lérín.

Nígbà tí mo wá yọ fọ́tò jáde, wọ́n wò ó, ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń yàn mí jẹ lórí ewúrẹ́ yẹn gan-an lo yà mí. Wo ojú mi, ojú gọ̀ǹgọ̀sú! Tó o bá fẹ́ yà mí, wá yà mí lọ́jọ́ tí mò ń borí."

Wọ́n ní ràkúnmí méjì. Hilal àti Ghusn, ọmọ wọn ọkùnrin méjèèjì, ni yóò gùn wọ́n níwájú gbogbo ìlú ní oṣù kẹta. Wọ́n ti pè mí. Ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ má sì fi pẹ́ńsù yí àdúrà náà ká.

Ghizlane


Sefrou
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì

Ghizlane, ojú mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí. Bàbá rẹ kò mọ̀. Mo mọ̀ pé o ti kọ lẹ́tà méjì tí kò sí èsì, o sì lè máa rò pé ó ń bínú sí ọ. Kì í ṣe ìwọ ló ń bínú sí. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ó lọ ya ìgbéyàwó kan ní Bhalil. O mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó sórí àga, tí àwọn ọkùnrin á gbé e lé èjìká, tí obìnrin á máa ké yúyúyú. Ìyàwó ń juwọ́ lókè, ó rẹwà bí oṣù. Bàbá rẹ ń yọ lẹ́ǹsì kan, ó ń wá ìkejì nínú àpò àtijọ́ tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Kí ó tó gbójú sókè, wọ́n ti sọ ìyàwó kalẹ̀. Ìyá ìyàwó dojú kọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn: "Si Benaissa, ṣé ìpàkọ́ ọmọ mi lẹ fẹ́ kí n gbé kọ́ ògiri?" Wọ́n ní láti tún gbé ọmọ náà sókè nítorí fọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín nígbà kejì yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àkọ́kọ́ ti lọ.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè jókòó kọ̀wé sí ọ. Èjìká tó fi ń gbé àpò yẹn ti tẹ̀, alaalẹ́ ni mò ń fi òróró ra á. Ó ń sọ pé òtútù ni. Fọ́tò bàbá ọlọ́jà ewúrẹ́ tí o tún fi ránṣẹ́, tíyẹn ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó wà nínú dúróà rẹ̀. Ó ń yọ ọ́ wò bí ó bá rò pé mo ti sùn.

Má sọ pé mo sọ o. Jẹun dáadáa.

Yamna, ìyá rẹ


Muscat
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹta

Bàbá mi!

Ẹ kú ilé, ẹ kú ilé, ẹ kú ilé! Ẹ jẹ́ kí n kí yín lẹ́ẹ̀mẹta, ayọ̀ ni.

Ọjọ́ náà ti dé, ó sì ti kọjá, mo sì ti rí fọ́tò mi. Kì í ṣe ìdíje tí ẹnì kan á ti gba ipò kìíní. Ràkúnmí méjì ní ń sáré pọ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀kan bá fi orí ṣíwájú èkejì, ìtìjú ilé náà ni. Bí wọ́n bá wọ eré tán, àwọn tó gùn wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí eré. Ẹ rò ó wò!

Mo dé kí oòrùn tó mú. N kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn, mo gbọ́ ìròyìn, mo sọ ìròyìn, mo mu ife kọfí mẹ́ta, mo sì mi ife mi bí ọmọ ilé. Ìyá àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n ti gbàgbé mi ni mo tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn.

Àwọn ayàwòrán mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé àpò tó ju ewúrẹ́ lọ. Eruku sọ ní ọ̀nà jíjìn, ó yà á, èmi náà yà á. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba láti pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Bàbá, ràkúnmí kì í dúró de ẹni tó tẹ̀ ba! Mò ń yí ọrùn lẹ́ǹsì mi bí wọ́n ṣe ń bọ̀: eruku nìkan, ó di orí méjì, ó di àyà méjì, Ghusn na ọwọ́, Hilal gbà á, ìwérí Hilal tú, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, mo yí i padà kó gba gbogbo ayé wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni alápò ńlá ń kígbe pé, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Ta ni yóò dúró dè é?

Mo ti tẹ fọ́tò náà, ó wà nínú páálí yìí. Ẹ wo ọwọ́ méjì yẹn láàárín. Igun rẹ̀ rọ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Ẹ̀kọ́ yín ni mo fi yà á, lẹ́ǹsì mi ni mo fi yà á.

Mo tún fi nǹkan mìíràn sínú páálí náà. Lẹ́ǹsì bíi tèmi ni, ó bá kámẹ́rà yín mu. Kò sí ìdí kankan tí mo fi rà á. Ẹ lè fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ghizlane


Muscat
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ọdún ṣẹ́rì ti kọjá. Páálí dé ọwọ́ yín, àwọn tó gbé e lọ fi ìbuwọ́lù yín hàn mí. Ẹ kò kọ̀wé. Mo pe fóònù Màámi títí, kò wọlé.

Ó dùn mí, n kò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Mo rò pé lọ́tẹ̀ yìí mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn, fèrèsé yín ni, ẹ̀yin lẹ sì mọ ohun tó yẹ ẹ́. Mo ti sọ fún Ìyáàfin Zuwayna pé mò ń lọ. Ó ní kí n lọ sùn, kí n padà wá sọ ọ́ lọ́la. Mo lọ sùn, mo padà wá sọ ọ́. Musallam ní kí n sọ fún yín pé ẹ kò mọ ràkúnmí.

Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni n óò dé. Ẹ sọ fún Jawad kó wá ibòmíràn ta bátìrì.

Ghizlane


Sefrou
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹfà

Ghizlane, ọmọ Benaissa,

Jókòó síbi tí o wà!

Mo ti ń kọ lẹ́tà yìí lọ́wọ́ nígbà tí tìrẹ dé. Inú bí mi sí ara mi. Ohun tó fà á tí mo fi pẹ́ ni pé n kò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún ọ, mo fẹ́ kí o fọwọ́ mú un. Mo ní kí ìyá rẹ má sọ fún ọ. O mọ̀ pé ìyà ńlá nìyẹn fún un. Nígbà tí mo rí i pé ẹnu ti ń yún un, mo gba fóònù rẹ̀, mo tì í mọ́ dúróà. Ó ti bú mi tó.

Fọ́tò rẹ wà lójú fèrèsé.

Mo sọ ọ́ di ńlá fúnra mi, ó gba gbogbo gíláàsì. Nígbà tí mo ń tò ó, Jawad dúró tì mí, ó ní, "Bàbá, ẹ kúkú gé igun rẹ̀ kúrò, ta ni yóò mọ̀?" Òótọ́ ni. Mo ti gbé àlùmọ́gàjí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, mo bá gbé awò lé e kí n mọ ibi tí mo máa gé dé. Ṣé o ti wo igun yẹn? Musallam ló wà níbẹ̀. Ó ń dìde lórí ẹní, kọfí ń dà sí i láṣọ, ẹnu rẹ̀ là, ó na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rọ̀, àmọ́ mo mọ ojú yẹn. Bí mo bá gé igun, mo ti gé bàbá kúrò nínú ọjọ́ ayọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀, mo sì ní kí Jawad lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ ọdún ṣẹ́rì, títì wa dí. Àwọn ènìyàn gbàgbé ọmọge tí wọ́n fi jẹ ayaba ọdún, wọ́n ń wo ràkúnmí. Si Larbi jáde pẹ̀lú abẹ ìfárungbọ̀n lọ́wọ́, ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ó ní, "Benaissa, níbo lo ti rí èyí?" Mo ní, "Ọmọ mi ló yà á." Ó ní, "Èwo nínú ọmọ rẹ?" Mo ní, "Mélòó ni mo bí?" Orí mi wú, Ghizlane. Orí mi wú títí mo fi ní láti lọ jókòó.

Ilé kọfí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni mo jókòó sí, mo gbé kámẹ́rà dání. Ohun tí o ní kí n fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èjìká mi kò dùn mí lọ́jọ́ yẹn, má bi mí léèrè ìdí. Mo ti mu tíì mi délẹ̀ nígbà tí mo rí ìyá rẹ. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ la àwọn ènìyàn já, ó dé iwájú gíláàsì, ó gbé ọwọ́ lé e, ó wá yíjú padà ń wá mi láàárín èrò. Ká ní inú àpò ni mo ti ń wá lẹ́ǹsì ni, ojú yẹn ì bá ti lọ. Mo kàn yí ọrùn rẹ̀. N kò tilẹ̀ dìde.

Fọ́tò náà nìyí. Ojú ìyá rẹ mọ́ kedere láàárín, wàá rí omi tó wà níbẹ̀, tó bá sẹ́ fún ọ, irọ́ ló ń pa. Si Larbi wà ní igun ọ̀tún, òun àti abẹ rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì.

Sọ fún Ìyáàfin Zuwayna pé mo kí i, pé o kò lọ síbì kankan. Kí Musallam ra ràkúnmí kẹta, mo ń bọ̀ wá mu kọfí, mo sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mi ife. Ní ti igun fọ́tò mi, má ṣe wàhálà àtiwá pẹ́ńsù. Mo ti yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká fún ọ.

Bàbá rẹ,
Benaissa